Bí Mo Ṣe Gbé Fóòmù Ọlọ́fóòmù Dé Ilé Alààjì

Bí mo bá darúgbó débi pé ṣíbí ò mọ̀nà ẹnu mi mọ́, ọjọ́ kan ò ní tán lọ́kàn mi: ọjọ́ Sátidé tí àwọn ọmọ tuntun wọlé sí ilé-ìwé wa ní Yaba, tí mo fi orí ara mi ru fóòmù ọlọ́fóòmù lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò rán mi. Àwọn èèyàn máa ń ní kí n gbàgbé ẹ̀. N ò ní gbàgbé. Wọ́n ṣẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, ó ju ẹnì kan lọ, mo sì mọ ohun tí oníkálukú ṣe.

Ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí ni Pápá. Pápá kì í ṣe bàbá mi o. Ààrẹ fẹ́lóṣíìpù wa ni, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́ tó máa ń pàdé nínú kíláàsì ńlá kan lẹ́bàá ògiri ọgbà. Bí wọ́n ṣe ń pe ààrẹ ní ọ̀pọ̀ fẹ́lóṣíìpù nìyẹn: bó o bá ti gorí àléfà, o di Pápá, ìbáà jẹ́ pé irùngbọ̀n ẹ ò tíì ju mẹ́ta lọ. Ọdún kan péré ni tiwa fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n bó bá ń sọ̀rọ̀, ṣe la máa ń káwọ́ sẹ́yìn.

Àṣà wa ni pé lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ tuntun bá ń kó wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì, a ó lọ dúró sí géètì láàárọ̀, a ó máa bá wọn gbé ẹrù lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ la ti ń di ọ̀rẹ́ wọn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ilé sílẹ̀, tí kò mọ ẹnì kankan, ẹni tó bá kọ́kọ́ gba ẹrù lórí ẹ̀ ni yóò máa rántí. Nírọ̀lẹ́ la ó wá ṣe ìsìn ìkíni-káàbọ̀, oníkálukú á dìde dúró pẹ̀lú ẹni tó mú wá, gbogbo ilé á sì pàtẹ́wọ́ fún wọn. Lọ́dún tó ṣáájú, èmi nìkan ni mo dìde tí n ò rí ẹni dúró tì mí. Mo dúró bí òpó iná, mo tún jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi mí sí ẹ̀ka tó ń to àga. Àga kì í sọ̀rọ̀. Bóyá wọ́n rò pé òun ló bá mi mu. Mo wá pinnu pé lọ́dún yìí, bó ṣe èèyàn kan ṣoṣo ni, mo gbọ́dọ̀ rí ẹni dúró tì mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Pápá kó wa jọ. Ó ní, “Ẹ gbọ́ o. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Bí ẹ bá ń béèrè, wọ́n á rò pé ẹ fẹ́ gbowó. Ẹ ṣáà gbé ẹrù, kí ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ sọ pé Jésù fẹ́ràn yín.” Ẹ má bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìlà sábẹ́ gbólóhùn yẹn fún mi, torí nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, Pápá ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni kejì ni Démiládé. Fẹ́lóṣíìpù mìíràn lòun ń ṣe, àwọn tó ní jẹnẹrétọ̀ tiwọn. Bí ọkọ̀ kan ṣe dúró tí ìyá kan àti ọmọbìnrin ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, mo sáré, òun náà sáré. Ọwọ́ mi ba etí báàgì ńlá kan, ọwọ́ tiẹ̀ ba etí kejì.

“Bùrọ̀dá mi, èmi ni mo kọ́kọ́ dé.”

“Olúwa kan náà la jọ ń sìn,” ló fèsì. Kò sì fi báàgì sílẹ̀.

Ìyá náà wò wá lọ wò wá bọ̀. “Ṣé ẹ fẹ́ fa báàgì ọmọ mi ya ni? Ẹ̀yin ọmọ Jésù, ọ̀kan ṣoṣo ni mo rà fún un o!”

Èmi ni mo fi í sílẹ̀. Sùúrù ni baba ìwà, wọ́n wí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn fóòmù tí ọmọ náà fẹ́ máa sùn lé ni sùúrù fi ta mí lọ́rẹ. Báàgì Démiládé ní táyà lábẹ́, ó ń fà á lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń mú ajá rìn. Fóòmù tèmi nípọn bí búrẹ́dì ọjọ́ ọdún. Wọ́n ká a po, wọ́n fi gèlè àtijọ́ kan so ó láàárín, mo sì gbé e karí. Kò pẹ́ tí gèlè fi tú. Fóòmù là sọ́tùn-ún, ó là sósì, ó bo etí mi, ó bo ojú mi, gèlè wá rọ̀ sí mi lọ́rùn. Gbogbo ohun tí mo lè rí kò ju ilẹ̀ lọ, àti gìgísẹ̀ ẹni tó ń lọ níwájú mi. Mo ti rí i pé sílípáàsì pupa lọmọbìnrin náà wọ̀. Mo ní kò burú, sílípáàsì pupa ni n ó tẹ̀ lé.

Bí àdúgbò kan bá wà láyé tí ẹni méjì ò ti lè wọ sílípáàsì pupa lọ́jọ́ kan náà, àdúgbò náà kì í ṣe Yaba. Nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, níbi tí èrò ti pọ̀ jù, ni wọ́n ti pààrọ̀ gìgísẹ̀ mọ́ mi lójú.

Mo ń lọ, sílípáàsì ń lọ. Mo ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ fóòmù bí Pápá ṣe kọ́ wa: “Ẹ káàbọ̀ sílé-ìwé wa o. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já, Jésù fẹ́ràn yín. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la máa ń pàdé.” Sílípáàsì ò dáhùn. Mo rò pé ìtìjú ọmọ tuntun ni, n ò mọ̀ pé íàpíìsì ló wà létí ẹni náà. A sọdá títì kan, mo gbọ́ tí oní-Màrúwá bú mi. Ó yẹ kí ìyẹn ta mí lólobó, torí kò sí títì kankan láàárín géètì wa àti họ́sítẹ́ẹ̀lì obìnrin. Mo kàn sọ fún ara mi pé bóyá họ́sítẹ́ẹ̀lì tuntun ni. Ẹni tó ń jèrè ọkàn kì í ka jíjìn ọ̀nà.

A gun àtẹ̀gùn. Fóòmù ń ha ògiri, ó gbá ṣòkòtò ẹnì kan kúrò lórí okùn tí wọ́n sá a sí, ṣòkòtò náà sì bá wa gòkè. Sílípáàsì dúró, mo dúró. Mo gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí. Mo ní, “Níbo ni kí n tẹ́ ẹ sí?”

Igbe tí ẹni náà ké, n ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Mo sọ fóòmù kalẹ̀. Ẹni tó wà níwájú mi kì í ṣe ọmọ tuntun rárá. Àǹtí ńlá ni wọ́n, íàpíìsì kan wà létí wọn, ìkejì ń mì dirodiro lọ́rùn. Àǹtí Tóyìn lorúkọ wọn, bí mo ṣe wá mọ̀ lẹ́yìn náà. Inú ilé ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún iléeṣẹ́ kan, inú ọgbà ilé-ìwé wa ni wọ́n sì máa ń gbà bí wọ́n bá lọ ra oúnjẹ.

“Ta nìyí? Ta ló ní kó o máa tẹ̀ lé mi?”

“Ẹ má bínú, Mà. Jésù fẹ́ràn yín.” Ó ti mọ́ mi lẹ́nu.

Ibẹ̀ la wà tí onílé fi gòkè wá. Alààjì ni, bàbá àgbà tó ti pẹ́ ní Yaba, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wo Àǹtí Tóyìn, wọ́n wò mí, wọ́n wo fóòmù, wọ́n sì wò ó pẹ́. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n mú ṣòkòtò ara wọn kúrò lórí ẹ̀. Kí ẹ tó mọ ohun tí Alààjì rí, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òfin ilé náà ni pé obìnrin tó bá dá gba yàrá ò gbọdọ̀ mú ọkùnrin wá gbé ibẹ̀.

“Ẹn-ẹ́n, Tóyìn. Ó ti kó dé.”

“Alààjì, mi ò mọ̀ ọ́n rí o!”

“O ò mọ̀ ọ́n rí, ó ru fóòmù wá bá ẹ?”

Mo rò pé òótọ́ á gbà wá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Alààjì, ẹ jọ̀ọ́ sà. Mo kàn wá fi ìfẹ́ hàn sí wọn ni.”

“Ìfẹ́!” Alààjì di irin àtẹ̀gùn mú. “Ó tiẹ̀ tún ń sọ ọ́ lójú mi!”

“Ìfẹ́ Ọlọ́run ni, sà!”

“Ìfẹ́ Ọlọ́run wo ló ń béèrè ibi tí yóò tẹ́ fóòmù sí? Ìsàlẹ̀ ni mo wà tí mo ti ń gbọ́ ẹ.”

Wọ́n ní ta ló ni fóòmù. Mo ní ti ọmọ tuntun kan ni. Wọ́n ní kí lorúkọ ọmọ náà. Mo ní n ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ó dáa, báwo lojú ẹ̀ ṣe rí? N ò mọ ìyẹn náà. Mo ní, “Sà, ó wọ sílípáàsì pupa.” Alààjì yí ojú sí ẹsẹ̀ Àǹtí Tóyìn.

“Ó tán,” ni wọ́n wí. “Tóyìn, kó ẹrù ẹ jáde níparí oṣù.”

Mo rí i tí omi lé sójú Àǹtí Tóyìn. Èmi tí mò ń wá ẹni dúró tì mí, mo ti lé ọmọ ẹlòmíràn kúrò nílé. Mo ní, “Alààjì, ẹ wá síbi ìpàdé wa nírọ̀lẹ́ yìí, sà. Ẹ ó bá gbogbo wa níbẹ̀. Bí mo bá parọ́, ẹ fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.”

Alààjì ka tẹ̀sùbáà díẹ̀. “Bí mo bá ti kírun Alásárì, mo ń bọ̀. Tóyìn náà ń bọ̀. Gbé fóòmù ẹ kúrò níwájú ilẹ̀kùn mi.”

Àǹtí Tóyìn fúnra wọn ló fi gèlè so fóòmù náà padà, wọ́n so ó gírígírí bí ẹni pé ọrùn mi ni wọ́n ń fún. “Bí o ò bá wá sí ìpàdé yẹn, n ó wá ẹ kàn,” ni wọ́n wí, wọ́n sì tì mí sọ́nà àtẹ̀gùn.

Nígbà tí mo dé họ́sítẹ́ẹ̀lì, ìyá ọmọ náà jókòó lórí báàgì níta, Démiládé ń fi ìwé fẹ́ atẹ́gùn sí wọn. Ẹ gbọ́ mi: ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn!

“Ìlú wo lo gbé fóòmù ọmọ mi lọ? Àbí o ti kọ́kọ́ sùn lé e wò ni?”

“Ẹ má bínú, Mà. Mo ṣìnà ni.”

“Láti géètì sí ibí? Ìwọ tó ń kàwé níbí!”

Ọmọbìnrin náà ò bínú ní tiẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń pa á lọ. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ojú ẹ̀. Ó ní Ìyanu lorúkọ òun, bí ẹni tó mọ̀ pé n ò ní béèrè. Mo fi ìgboyà bi í bóyá á wá sí ìpàdé wa.

“Áà, Bùrọ̀dá Démiládé ti pè mí. Bí a ṣe ń bọ̀ ni wọ́n ń bi mí ní orúkọ mi, ibi tí mo ti wá, ohun tí mo fẹ́ kà.”

Ó hàn pé Pápá tiwọn gbà wọ́n láyè láti béèrè ìbéèrè.

Nírọ̀lẹ́, mo to gbogbo àga tán, mo sì jókòó sórí èyí tó kẹ́yìn. Pápá gba máìkì. “Ẹ̀yin tí ẹ mú èèyàn wá, ẹ dìde pẹ̀lú wọn!” Àwọn kan mú ẹni méjì wá, arábìnrin kan mú mẹ́rin wá. Mo tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló wá ṣókùnkùn: Alààjì dé, fìlà funfun, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, Àǹtí Tóyìn lẹ́yìn wọn. Kí n tó dìde, àwọn tó ń gba àlejò ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Òfin Pápá ni wọ́n tẹ̀ lé, wọn ò bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Wọ́n gbá Alààjì mọ́ra, wọ́n mú wọn lọ síwájú pátápátá, wọ́n fi bísíkíìtì sí wọn lọ́wọ́, gbogbo ilé sì bẹ̀rẹ̀ orin káàbọ̀. Alààjì ò jà. Wọ́n kàn ń wo bísíkíìtì náà.

“Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá wa! Ta ló mú yín wá?” ni Pápá béèrè.

Alààjì wo gbogbo ilé títí wọ́n fi rí mi. “Ọmọ oní-fóòmù yẹn ni. Òun ló wá fi ìfẹ́ hàn nílé mi.”

Ilé hó yè! Wọ́n fà mí síwájú. Pápá gbá mi mọ́ra lójú gbogbo èèyàn, ó sì gbé máìkì fún Alààjì kí wọ́n sọ ohun tó dùn mọ́ wọn, bí a ṣe máa ń ní kí àlejò sọ.

“Ẹ ṣé, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo rí i pé òótọ́ lọmọ yín sọ. Tóyìn, máa gbé ilé ẹ.” Àmín tí wọ́n ṣe mi òrùlé tìtì, bẹ́ẹ̀ wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe àmín sí. Alààjì gbé ọwọ́ sókè. “Ó ku ọ̀kan. Sípíkà ńlá yín yìí, fèrèsé yàrá mi ló kọjú sí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ibi tí ariwo náà ti ń wá, bí mo bá sì ti sọ pé ẹjọ́ ariwo ló gbé mi wá, àwọn sìkiọ́rítì yín kì í jẹ́ kí n wọlé. Ọlọ́run á bù kún ọmọ yìí tó mú mi débí.”

Pápá yí ojú sí mi. Ojú tó fi wò mí yẹn, mo kà á mọ́ ohun tó fi ṣẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ náà gan-an la yí sípíkà kọjú sí ibòmíràn. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé e. Àǹtí Tóyìn ṣì máa ń bú mi bí a bá pàdé nínú ọgbà, “Oní-fóòmù, ṣé o ń ríran lónìí?”, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ orúkọ mi, mo mọ tiwọn, wọ́n sì wá síbi ìpàdé wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lẹ́yìn náà. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé a kì í ti gìgísẹ̀ di ọ̀rẹ́ èèyàn. Wo ojú ẹ̀, béèrè orúkọ ẹ̀, kó o tó fọwọ́ kan ẹrù ẹ̀. Ẹni tó bá ní kó o má béèrè, bi òun gan-an pé kí ló dé.

Pápá ti jáde nílé-ìwé báyìí, kò sẹ́ni tó ń pè é ní Pápá mọ́, kò sì tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi di òní olónìí. Bí mo bá pè é lórí fóònù, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ rín kó tó ní hẹ́lò. Inú á bí mi, n ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín á sì gbà á mọ́ mi lẹ́nu. Kí ni n ó tún wí? Mo ṣáà dìde lọ́jọ́ náà, mo sì rí ẹni dúró tì mí: Alààjì lọ́tùn-ún pẹ̀lú bísíkíìtì wọn, Àǹtí Tóyìn lósì, wọ́n ń fi ìgúnpá gbún mi níhà, gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́.