Ẹni Tó Pa Sítátà Ẹ́ńjìnnì Oníyìnyín

Ọ̀rọ̀ tí ì bá gba sítátà là dé ní ọjọ́ kejì tí sítátà ti kú. Aránṣọ ló mú un wá, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní mẹkáníìkì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣáná sí ẹ́ńjìnnì títí òun yóò fi dé, nítorí ó jọ pé bátìrì ti rẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi òkú hàn án. Báyìí ni ẹjọ́ ṣe dé ààfin Baálẹ̀ lánàá.

Ọmọbìnrin tó ń ta yìnyín ló pẹjọ́. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kan ló ń gbé iná yàrá yìnyín rẹ̀, ibẹ̀ náà ni òun àti ìyá rẹ̀ ti ń jẹun. Káfíńtà, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ló ń jẹ́jọ́. Àwọn òbí ti mú oṣù tó ń bọ̀ fún ìgbéyàwó wọn, nítorí náà orí àga kan náà ni wọ́n fi wọ́n sí. Wọ́n jókòó, wọ́n kẹ̀yìn síra wọn.

Oníyìnyín ní ẹ́ńjìnnì kọ̀, kò jí láàárọ̀, òun ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì, òun sì lọ sọ́jà. Nígbà tí òun fi máa padà, omi ti ń ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, gbogbo ilé ń rùn bíi rọ́bà tó jó, mẹkáníìkì sì ti tẹ́ sítátà sórí àkísà.

"Káfíńtà, kí lo rí sí i?"

"Kí ẹ̀mí yín gùn, Baálẹ̀. Mi ò pa nǹkan kan. Mo fẹ́ ran ìyàwó mi lọ́wọ́ ni. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ò dáhùn, mo bá dì í mú síbẹ̀."

"O dì í mú di ìgbà wo?"

"Di ìgbà tó yẹ kó dáhùn."

"Ṣé ó dáhùn?"

"Kò tíì dáhùn, Baálẹ̀."

Ó ṣàlàyé pé nídìí iṣẹ́ tòun, bí ìṣó ò bá wọ igi, èèyàn kì í fi í sílẹ̀ kó lọ sinmi, ṣe ni wọ́n ń gbá a títí tó fi máa wọlé. Ó ní lójú tòun, sítátà náà ni kò ní ìfaradà.

Wọ́n pe mẹkáníìkì. Ó ní mọ́tò kékeré ni sítátà, iná bátìrì ló ń jẹ. Bí èèyàn bá yí kọ́kọ́rọ́, á na jíà rẹ̀, irin kékeré eléyín, síta, jíà náà á kọ́ eyín wíìlì irin ńlá tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, á sì máa yí i. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, sítátà á kó jíà rẹ̀ wọlé, iṣẹ́ rẹ̀ parí nìyẹn.

"Ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ńtì sórí tó tún ń sáré ni, Baálẹ̀. Kò lè sáré náà jìnnà. Kéèyàn ṣá a díẹ̀, kó jáwọ́, kó jẹ́ kó tutù dáadáa kó tó tún un ṣá. Bí bátìrì bá rẹ̀, tàbí tí orí rẹ̀ tí wọ́n so wáyà mọ́ dẹ̀, tó ń ṣu nǹkan funfun, sítátà á kàn máa kérora ni. Ẹni tí kò bá jáwọ́ nígbà náà, wáyà inú rẹ̀ ló ń sè."

Baálẹ̀ bèèrè bóyá ó kérora. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí yàrá yìnyín ní ó kérora, ẹ̀fin dúdú sì yọ. Ó ní òun àtàwọn oníbàárà òun jáde wá wòran, títí kan ẹni tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ìdajì irun rẹ̀. Aránṣọ ní irọ́ ni, ẹ̀fin funfun ni.

"Ṣé o wà níbẹ̀ ni?"

"Mi ò sí níbẹ̀, Baálẹ̀. Ọjọ́ kejì ni mo dé. Ṣùgbọ́n mo mọ bí ẹ̀fin ṣe máa ń rí."

"Kí ló dá ọ dúró di ọjọ́ kejì?"

Ó ní ṣòkòtò kan ló wà nídìí ẹ̀rọ, òun ò sì lè fi ẹsẹ̀ kan rẹ̀ sílẹ̀ láìrán.

"Ṣòkòtò ta ni?"

"Ti ọkọ ìyàwó yìí ni."

Káfíńtà bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n lọ mú ṣòkòtò náà wá, kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Baálẹ̀ rò ó díẹ̀, wọ́n kọ̀.

Baálẹ̀ wá dá ẹjọ́.

"Sítátà ti kú. Ẹni tó pa á ni yóò jogún iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọ̀la lọ, káfíńtà ni yóò máa fi irin yí ẹ́ńjìnnì yẹn lọ́wọ́ láràárọ̀, títí tí sítátà tuntun yóò fi dé. Bó bá ti jí, kó fò sẹ́yìn kíá. Mẹkáníìkì á dúró tì í, á máa fún un ní ìsinmi láàárín, ká má bàa pàdánù méjì. Aránṣọ ni yóò máa nu orí bátìrì, kó sì máa dè é le, kó tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ lójúmọ́."

Wọ́n ti ń dìde nígbà tí Oníyìnyín yíjú sí káfíńtà.

"Nígbà tó ń jó, ṣé o gbọ́ òórùn rẹ̀?"

Káfíńtà wo Baálẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Mo gbọ́ ọ."

"Kí ló dé tí o ò fi jáwọ́?"

"Àwọn èèyàn ti jáde, wọ́n ń wò mí."

Oníyìnyín mi orí, bí ẹni tí wọ́n ka iye nǹkan fún tó sì pé.

"Wá yí ẹ́ńjìnnì lọ́la bí Baálẹ̀ ṣe wí. Ohun tó ń bọ́ èmi àti ìyá mi ń jó lọ́wọ́ rẹ, o mọ̀, ojú àwọn tó ń wòran lo ń rò. Mi ò ní fẹ́ ọ mọ́."