Èjìká Télọ̀ àti Orí Akọ̀wé

Ẹjọ́ kan dé ààfin ní Sátidé tó kọjá, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ibẹ̀, orí tábìlì ìlọṣọ nílé Télọ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ ta omi sí ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀, ó fi áyọ́ọ̀nù lọ ọrùn, ó lọ apá òsì, ó lọ ẹ̀yìn títí ó fi tẹ́ bẹẹrẹ. Nígbà tí ó kan èjìká ọ̀tún, ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀.

"Ibẹ̀ yẹn ńkọ́?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ẹ̀rí ni ibẹ̀ yẹn," ni Télọ̀ dáhùn. "A kì í lọ ẹ̀rí."

Sátidé ni Kábíyèsí ìlú náà máa ń rí ẹjọ́ dá. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni gbogbo ìlú ti wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ ní ìgboro, ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú ni wọ́n tó ń bọ̀. Kábíyèsí àti àwọn ajá ló máa ń ṣẹ́kù sílé. Nítorí náà, bí ẹjọ́ bá dé lọ́jọ́ Sátidé, Kábíyèsí kì í fi ṣeré.

Télọ̀ wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀ kí ẹ̀rí má bàa bàjẹ́.

"Kábíyèsí, ẹ gbà mí. Akọ̀wé tí ògiri kan ṣoṣo pààlà èmi àti òun, èjìká mi ló fi ń ṣe ìrọ̀rí."

"Nílé ta ni?"

"Nínú bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ni, Kábíyèsí. Ẹ̀gbẹ́ mi ló ń jókòó sí. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra báyìí, orí rẹ̀ á wá. Nígbà tí a bá fi máa dé ìgboro, èjìká mi á ti rún, á sì ti tutù. Itọ́ ni, Kábíyèsí. Ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù ti ní télọ̀ tí ẹ̀wù ara rẹ̀ rún kò lè jókòó síwájú, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń wọlé. Bí wọ́n bá tún rí i lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ mi lọ, lẹ́bàá ilé ìtọ̀."

Ọ̀tún, igbákejì Kábíyèsí tí àga wọn kan ara wọn, na ọwọ́ kan èjìká náà, ó sì yára nu ọwọ́ mọ́ aṣọ ara rẹ̀. "Ó ti gbẹ," ni ó wí, "àmọ́ ó rún bí ewé tí ewúrẹ́ jẹ kù."

Kábíyèsí yíjú sí Akọ̀wé, tí kò tíì ṣí fìlà láti ìgbà tó ti wọlé. "O gbọ́. Ṣé òótọ́ ni?"

"Kábíyèsí, èmi ò gbé orí lé ẹnikẹ́ni. Gbọnrangandan ni mo máa ń jókòó. Ọ̀nà yẹn ló ń yí sí ọ̀tún. Bó bá ti yí, gbogbo ohun tó wà nínú ọkọ̀ á da sí òsì: báàgì, ìgò omi, orí. Ẹjọ́ ọ̀nà ni."

"Báàgì kì í da itọ́," ni Télọ̀ wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Kábíyèsí, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rán sínú èjìká ẹ̀wù yẹn."

Télọ̀ wo ilẹ̀. "Fóòmù díẹ̀ ni. Kí èjìká lè dúró dáadáa ni."

"Ẹ ò rí nǹkan? Wọ́n tẹ́ ibùsùn sójú ọ̀nà, wọ́n wá ń pe ẹni tó sùn lẹ́jọ́."

Ìgbìmọ̀ ń mi orí, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tí wọ́n ń mi orí fún.

"Télọ̀," ni Kábíyèsí wí, "kí ló dé tí o ò kúkú yí ìjókòó padà?"

Gbogbo èrò bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó wá gbọ́ ẹjọ́ tẹjú mọ́lẹ̀, bí ẹni pé Kábíyèsí ṣèèṣì sọ̀rọ̀ tí àgbà kì í sọ níwájú ọmọdé.

"Kábíyèsí, ìjókòó ta ni kí n gbà? Bí mo bá gba ti Nọ́ọ̀sì, Nọ́ọ̀sì á gba ti Tíṣà, Tíṣà á gba ti ẹlòmíràn. Kí a tó dé ìgboro, ìlú ti tú. Kò sẹ́ni tó pín ìjókòó fún wa, àmọ́ kò sẹ́ni tó jẹ́ jókòó sí ti ẹnìkejì. Bàbá kan ti kú láàárín wa, títí dòní báàgì la ń gbé síbi tí wọ́n ń jókòó sí. A sì máa ń tọrọ gáfárà ká tó gbé e."

Kábíyèsí ní kí ẹlẹ́rìí jáde. Nọ́ọ̀sì, tí ìjókòó rẹ̀ wà lẹ́yìn tàwọn méjèèjì, ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀.

"Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i, Kábíyèsí. Orí Akọ̀wé wà lórí èjìká Télọ̀ gẹlẹ́."

"Ṣé ojú rẹ là?"

Nọ́ọ̀sì ronú. "Ó là díẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ ń gba orí odò kọjá ni, tí màmá mi tó ti kú ń juwọ́ sí wa."

"Odò wo ló wà lójú ọ̀nà yẹn?"

"Kò sí odò níbẹ̀, Kábíyèsí."

"Jókòó. Dẹ́rẹ́bà dà? Ìwọ ni ojú rẹ máa ń là."

"Ó máa ń là, Kábíyèsí, ṣùgbọ́n iwájú ni mo máa ń wò. Ọjọ́ tí mo bá wẹ̀yìn, gbogbo wa la jọ máa kí màmá Nọ́ọ̀sì."

"Etí rẹ ńkọ́?"

"Ìhanrun ni mo máa ń gbọ́. Láti ìjókòó tiwọn, méjì ni. Ọ̀kan á dá a, èkejì á gbè é."

Télọ̀ dìde fùú. "Irọ́ ni. Èmi kì í sùn nínú ọkọ̀. Ìbínú ò jẹ́ kí n sùn."

Ìgbà náà ni Akọ̀wé ṣí fìlà. Irun rẹ̀ pọ̀, ó ṣù dáadáa, àfi ní àtàrí, níbi tí kòtò kan wà tí èèyàn lè gbé ife omi lé. "Kábíyèsí, ẹ bá mi wo èyí. Láràárọ̀ ni mò ń gbé e dé ibi iṣẹ́. 'Kòtò' ni wọ́n ń pè mí lọ́fíìsì. Mo tilẹ̀ ti lọ fi han dókítà."

Kábíyèsí wo kòtò náà, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Télọ̀, ó tún wo kòtò.

"Ẹ gbé bẹ́ǹṣì wá."

Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì wá, àwọn méjèèjì jókòó bí wọ́n ṣe máa ń jókòó. Ẹ̀ṣọ́ méjì di bẹ́ǹṣì mú, wọ́n ń mì í jẹ́jẹ́. Dẹ́rẹ́bà kọjú sí ògiri, ó di ìdarí ọkọ̀ tí kò sí níbẹ̀ mú, ó ń fi ẹnu ṣe ẹ́ńjìnnì, ó sì ń yí jíà níbi tó yẹ. Télọ̀ la ojú kalẹ̀ bí òwìwí. Yóò fi hàn wọ́n lónìí. Ó ń wo ìgbìmọ̀, ó ń wo àga Kábíyèsí, ó ń wo odò kan tó ń ṣàn gba àárín ààfin, ìyá àgbàlagbà kan dúró létí rẹ̀, ó ń juwọ́.

"Ẹ kú oorun o."

Olorì ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé omi dání. Télọ̀ fẹ́ gbé orí sókè, àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọ kòtò tó wà lórí Akọ̀wé bí ọmọrí ṣe ń bá ìkòkò mu. Lọ́wọ́ òsì, ìgbìmọ̀ fẹ̀gbẹ́ ti ara wọn bí àgbàdo tí ìjì wó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń sùn lórí ìdúró. Dẹ́rẹ́bà nìkan ló ń wa ògiri lọ.

"Olorì," ni Kábíyèsí wí, wọ́n ń nu ẹnu, "kí lẹ rí?"

"Mo rí orí lórí èjìká, mo sì rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lórí orí."

"Èmi ńkọ́?"

"Kábíyèsí ò sùn. Ọ̀tún ni wọ́n súnmọ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa."

Ọ̀tún rọra fi aṣọ bo èjìká rẹ̀.

Kábíyèsí gún ara ró lórí àga. "Mo ti dá a. Orí jẹ̀bi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà jẹ̀bi. Akọ̀wé, ìrọ̀rí tí o ń sùn lé nílé, gbé e fún Télọ̀ kó tú u, kó fi rán ohun tí yóò bo èjìká rẹ̀. Títí o ó fi rí òmíràn, apá ara rẹ ni kó o máa sùn lé. Télọ̀, kòtò tí o gbẹ́ sórí ọmọ ọlọ́mọ, ìwọ ni yóò dí i. Láràárọ̀ tí ọkọ̀ bá dúró, mú kóòmù, kó o ya irun Akọ̀wé lójú gbogbo èèyàn, títí àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ á fi gbàgbé Kòtò. Nọ́ọ̀sì tó jẹ́rìí ohun tó rí lójú oorun, ọ̀sẹ̀ kan gbáko lo máa lajú láti ibí dé ìgboro."

Nọ́ọ̀sì ṣubú lulẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ kúkú lé mi nílùú."

"Ẹjọ́ ti parí."

Télọ̀ délé, ó tú ìrọ̀rí Akọ̀wé. Ó gé ọ̀rá náílọ́ọ̀nù, ó tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ kí itọ́ má bàa kọjá, ó kó fóòmù lé e, ó fi aṣọ rírọ̀ bò ó lókè. Ó fi bọ́tìnnì mú un mọ́ abẹ́ kọ́là, ó fi okùn gba abẹ́ apá kó má bàa yẹ̀. Nígbà tó gbé e sí èjìká tó mi ara rẹ̀ tìtì, kò yẹ̀. Ó dúró, ó ronú nípa kóòmù àti ojú gbogbo èèyàn. Ó bá fi fóòmù tó kù rán fìlà kan fún Akọ̀wé, ó fi igi pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ nínú, kí ohunkóhun tó bá jókòó lé e má lè kan irun.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Nọ́ọ̀sì ló jẹ́rìí, pẹ̀lú ojú tó pọ́n bí ẹyin iná: kí ọkọ̀ tó jáde nílùú ni orí ti wà lórí èjìká, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì wà lórí fìlà. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, Télọ̀ tú bọ́tìnnì. Èjìká rẹ̀ tẹ́ bẹẹrẹ. Akọ̀wé ṣí fìlà, irun rẹ̀ dúró ṣánṣán. Télọ̀ fi kóòmù gba orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, torí pé òfin ni òfin, ó sì kó o sápò.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá Télọ̀ wo èjìká ọ̀tún, wọ́n yí i po, wọ́n tún wò ó. "Jókòó síwájú," ni wọ́n wí.

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ̀ṣọ́ ààfin kan ti ń dúró dè é níbùdókọ̀.

"Kábíyèsí ní kó o wá wọn èjìká Ọ̀tún. Wọ́n ní kí fóòmù rẹ̀ nípọn o, torí ìpàdé ìgbìmọ̀ máa ń pẹ́."