Ọjọ́ Tí Wọ́n Sebẹ̀ Nínú Èèpo Ẹ̀pà ní Yunifásítì

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ bi mí bóyá òwe ló kọ́kọ́ dáyé tàbí yunifásítì, kí olúwarẹ̀ wá gba ìtàn yìí lẹ́nu mi, kó máa sọ ọ́ lọ.

Ọmọbìnrin kan wà ní Yunifásítì Òkè-Agbede tó ń jẹ́ Moróunkẹ́jì. Ìmọ̀ ìtàn ló ń kọ́, ó sì ti dé ọdún àṣekágbá. Ohun tí ìyá ìyá rẹ̀ sọ fún un ló fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí: pé nígbà tí ogun lé àwọn ará abúlé wọn gun orí òkè, wọn ò ráyè gbé odó, wọn ò ráyè gbé ìkòkò. Inú ewé ni wọ́n ti ń gúnyán, inú èèpo ẹ̀pà ni wọ́n ti ń sebẹ̀, wọ́n sì ń yó.

Wọ́n wá pe Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbìtẹ́ láti yunifásítì mìíràn pé kó wá dán an wò. Bàbá náà le bí ojú ẹja. Ó ka ìwé náà débi ọbẹ̀, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ta ló sọ èyí fún ọ?"

"Ìyá àgbà mi ni, sà."

"Irọ́ ni ìyá àgbà rẹ pa. Lọ tún ọdún yìí ṣe."

Omi lé ròrò sójú Moróunkẹ́jì. Ìyá rẹ̀ ti rán aṣọ de ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́yege, àmọ́ èyí tó dùn ún jù ni pé wọ́n pe ìyá àgbà ní onírọ́. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí n sè é lójú yín."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. "Ó dáa. Bí mo bá lè yó níbi oúnjẹ rẹ lọ́la, o ti yege. Bí n ò bá yó, kò sẹ́bẹ̀."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, gbogbo ọgbà ti pé síwájú ilé ìkàwé. Moróunkẹ́jì sun iṣu, ó bó o, ó dì í sínú ewé, ó gbé ọmọ odó sókè. Pò! Ewé bẹ́, iṣu gbígbóná fò, ó lẹ̀ mọ́ iwájú orí Dókítà Ọdẹ́yalé, olùkọ́ rẹ̀.

"Moróunkẹ́jì! Ṣé èmi ni mo ní kí o tún ọdún ṣe ni?"

Àwọn tó ń kọ́ nípa ewéko ní ewé rẹ̀ ni kò nípọn. Wọ́n já wọ igbó, wọ́n ru ewé gbòdògì bọ̀. Àwọn onífísíìsì ní kó yé lu iṣu, kó máa fi ìwọ̀n tẹ̀ ẹ́. Èèpo ẹ̀pà àkọ́kọ́ tó gbé kaná sì jó di eérú. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì pariwo pé bí omi bá ti wà nínú rẹ̀, tí iná ò sì pọ̀ jù, kò ní jó. Lóòótọ́, kò jó mọ́. Ọbẹ̀ hó! Àmọ́ ọbẹ̀ tó hó náà kò tó ohun tí adìyẹ máa tọ́ wò.

Ẹ̀pà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dọ̀ràn. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé lọ rà á wá. Wọ́n jiyàn lórí ohun tó mú ẹ̀pà wọ́n títí ẹlẹ́pà fi ní kí wọ́n máa gbé àpò lọ, kí òun lè sinmi. Àwọn tó ń kọ́ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá pín èrò sí agbo agbo kí wọ́n máa pa á. Àwọn onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ ní ẹ dúró ná, kí ni à ń pè ní yíyó gan-an? Ẹ̀pà ni wọ́n fi dí wọn lẹ́nu.

Èèpo lọ sídìí iná, ọmọ ẹ̀pà lọ sórí tábìlì Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bàbá yìí ò sì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀, kí ikùn rẹ̀ lè ṣófo dáadáa de ọmọ ọlọ́mọ. Ó ju ẹyọ kan sẹ́nu. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀pà ò ṣeé jẹ lẹ́yọ kan. Ó bu ẹ̀kúnwọ́, ó ń fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹ̀sín, ó ń jẹun. Ó mu omi lé e. Ó tún bù.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí wọ́n tó gbé iyán dé iwájú rẹ̀, pẹ̀lú èèpo ẹ̀pà rẹpẹtẹ tí ọbẹ̀ wà nínú wọn. Ó ki òkèlè bọ ọbẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó gbé e mì tipátipá. Èyí tó tẹ̀ lé e ò lọ mọ́. Kó tó fọwọ́ bo ẹnu, ó ti gùfẹ̀. Gẹ̀ẹ́ẹ̀!

Gbogbo ọgbà na ọrùn wò ó.

"Sà," Moróunkẹ́jì rọra bi í, "ṣé ẹ ti yó ni?"

"Ẹ̀pà ni! Kì í ṣe..." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún ọbẹ̀, ó lá a. Ata ta á lẹ́nu. Ni bàbá bá bú sẹ́rìn-ín. "Ọbẹ̀ ni, lóòótọ́. Kí ìyá àgbà rẹ forí jì mí. O ti yege, ọmọ mi."

Ariwo ayọ̀ sọ. Moróunkẹ́jì sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ Dókítà Ọdẹ́yalé. Èrò wá já lu iyán tó kù, kò sì kárí. Àwọn tó wá jẹun fi ebi lọ sùn. Ẹni tó pinnu pé òun ò ní yó, òun ni wọ́n fà dìde lórí àga.

Ẹ wá bá mi dá a: bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.