Àrín Tí Mo Ta Nílé Àna Mi

Ọjọ́ tí mo lọ ta àrín nílé àna mi ò lè kúrò lọ́kàn mi, torí àwọn tó wà níbẹ̀ ò jẹ́ n gbàgbé ẹ̀.

Àbẹ̀ní, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo fẹ́ fẹ́. Ọ̀yọ́ ni èmi ń gbé ní tèmi. Ẹ kúkú mọ̀ pé ọkọ ìyàwó gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ará ilé àna ẹ̀, àtọmọdé àtàgbà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá, mo tiẹ̀ ṣèèṣì dọ̀bálẹ̀ fún àlejò kan tó wá yá ọkọ́. Ó wá kan Àjàní, àbúrò Àbẹ̀ní. Ẹni tí irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n ẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó ní òun ń retí. Orí mi gbóná, mo ní n ò ṣe. Bàbá wọn ò tiẹ̀ bínú. Wọ́n kàn ní kí n máa lọ sílé, pé ọjọ́ tí mo bá dọ̀bálẹ̀ fún Àjàní ni mo máa mú Àbẹ̀ní lọ.

Àjàní ló sá tẹ̀ lé mi síta, ó ní tí mo bá borí òun nídìí àrín, eré ká fi èso líle kan ta òmíràn, òun á bá mi bẹ bàbá kí wọ́n gbójú fo ìdọ̀bálẹ̀ náà. N ò ta àrín rí láyé mi. Mo ní kò burú.

Mo padà sí Ọ̀yọ́, mo lọ bá bàbá ahunṣọ kan ládùúgbò wa tó mọ̀ ọ́n ta. Wọ́n gbé èso àrín kan kalẹ̀, wọ́n ní kí n fi òmíràn ta á. Tèmi fò wọnú ìkòkò aró ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ èébú tí mo jẹ. Ìgbà tí mo mọ ìyẹn tán, wọ́n ní kí tèmi ba ọ̀kan, kó yà, kó tún lọ ba èkejì. Kò yà. Inú bí mi, mo gbá àrín nípàá. Ẹ má gbá àrín nípàá o, ó le ju òkúta lọ. Mo ń tiro, bàbá ń rẹ́rìn-ín títí òwú fi já mọ́ wọn lọ́wọ́.

“Ojú ẹ ló ga jù,” wọ́n ní. “Dùbúlẹ̀, fàyà lélẹ̀, kí ojú ẹ àti àrín jọ wà nílẹ̀.”

Mo bá sọ ara mi di alángbá. Àárọ̀ o, ọ̀sán o, inú eruku ni mo wà, adìyẹ ń gun ẹ̀yìn mi kọjá. Ṣùgbọ́n àrín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ tèmi. Mo bá àwọn èrò rìn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo ń fẹ̀ bí ẹni tó ti fẹ́yàwó tán.

Àgbàlá wọn la ti ta á. Àjàní ba ọ̀kan, ó tàsé èkejì. Tí èmi bá ti ba méjèèjì, ó parí nìyẹn. Ó wá lọ dúró sẹ́yìn àrín gan-an, ó káwọ́ gbera, kó lè dà mí lọ́kàn rú. N ò wojú ẹ̀. Mo ṣí fìlà, mo dùbúlẹ̀ gbalaja, mo fàyà lélẹ̀.

Bí bàbá wọn ṣe yọ láti inú ilé nìyẹn. Wọn ò rí àrín. Èmi ni wọ́n rí, láìdé fìlà, nílẹ̀ níwájú Àjàní.

“Ìyá Àbẹ̀ní, wá wo ọkọ ọmọ ẹ,” wọ́n ní. “Mo sọ fún ẹ pé ó máa gbọ́n.”

Gbogbo ilé tú jáde. Wọ́n ń ṣàdúrà lé mi lórí, ìyá ń nu ojú. Mo ní, “Bàbá, àrín ni mo…” Mo bá rí Àbẹ̀ní lẹ́nu ọ̀nà. Òun mọ̀ dáadáa pé àrín ni mo ń ta. Ó ranjú mọ́ mi, ó mi orí díẹ̀. Mo pa ẹnu mi dé.

Àjàní wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, “Dìde, ọkọ wa. Mo ti gbà á.”

Orí mi gbóná, àrín já lọ́wọ́ mi. Ó ba ọ̀kan, ó yà, ó ba èkejì, ó lọ bá Àjàní lọ́rùn ẹsẹ̀ kò! Kò sẹ́ni tó rí i, àfi òun. Kò sì lè ké, torí ẹni tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún kì í ké.

Ohun tí mo fi kọ́gbọ́n ni pé kéèyàn kọ́kọ́ wo ẹni tó dúró níwájú kó tó fàyà lélẹ̀. Àbẹ̀ní ti wà nílé mi báyìí. Ọjọ́ tí mo bá ń pariwo, á kàn gbé àrín méjì kalẹ̀ níwájú mi, á káwọ́ gbera bíi ti Àjàní. Kí n tó mọ̀, ẹ̀rín ti pa ìbínú mi.