Mẹ́gádì Tó Jókòó Síwájú Fáànù

Agogo mẹ́wàá àárọ̀, ṣọ́ọ̀bù Ládélé ní Fẹ́sítáàkì. Lẹ́nu ọ̀nà, pátákó: "A Ń Jí Òkú Ẹ̀rọ Dìde." Lórí tábìlì, ampilifáyà Àlhájà Hameedah, inú rẹ̀ síta gbangba, fáànù ń fẹ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti jóná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ládélé ti pààrọ̀ ohun tó jóná. Àlhájà fúnra rẹ̀ ló ń wọlé bọ̀ yìí.

"Ẹ̀njíníà."

Bó bá ti pè é bẹ́ẹ̀, wàhálà dé.

"Ẹ káàárọ̀ o, Àlhájà mi. Iná Amúwo yín ni. Ó ń fò jù."

"Lẹ́ẹ̀kìíní, iná. Lẹ́ẹ̀kejì, o ní eku. Aago mẹ́rin òní ni wòlímọ̀ àwọn ọmọ kéwú mi. Ọmọ mọ́kàndínlógún ni yóò ka Kùránì. Ta ni yóò gbọ́ wọn?"

"Gbogbo Amúwo ni!"

"Bó bá tún jó, Stella ní Satellite ni ṣọ́ọ̀bù mi."

Ládélé gbé sukudiráífà. Stella. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Tí pátákó rẹ̀ tóbi ju ti ọ̀gá lọ.

"Ẹ jókòó, kí n ṣàlàyé. Ìpele mẹ́ta ló wà níbí. Ìkíní ń gbé ohùn fún ìkejì, ìkejì ń gbé e fún ìkẹta, ohùn ń pọ̀ sí i."

"Bí ọ̀rọ̀ àdúgbò wa."

"Ẹn?"

"Mo sọ fún Margaret pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Margaret sọ fún Ṣẹ̀fíátù pé mi ò lè rìn mọ́. Kílẹ̀ tó ṣú, Ṣẹ̀fíátù ti ń wá lèmọ́mù tí yóò kírun sí mi lára."

Inú bí Ládélé díẹ̀. Àlàyé yẹn dára ju tirẹ̀ lọ.

"Ó dáa. Ìpele kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa mu iná díẹ̀ kíṣẹ́ tó dé. Bí oúnjẹ àárọ̀. Bó bá kéré, ohùn á há. Bó bá fi díẹ̀ pọ̀ jù lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, á di púpọ̀ lọ́dọ̀ ẹni ìkẹyìn. Ara rẹ̀ á gbóná. Bó bá sì ti gbóná, á tún máa mu sí i."

"Títí?"

"Títí á fi jó."

"Kò sẹ́ni tó ń dá a lẹ́kun ni?"

Ìbéèrè tó mọ̀, ó kúkú dé. Ládélé na sukudiráífà.

"Èyí! Táránsítọ̀ kékeré yìí. Mẹ́gádì ni. Bó bá ti gbọ́ ooru lára àwọn ńlá wọ̀nyẹn, á ní kí wọ́n dín iná kù."

Àlhájà na ọrùn. Mẹ́gádì ń mì dirodiro lẹ́nu wáyà, níwájú fáànù.

"Atẹ́gùn ń fẹ́ sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni o."

"Báwo ló ṣe máa gbọ́ ooru?"

Ládélé wo mẹ́gádì, ó wo fáànù.

"Nílé mi, inú àpótí rẹ̀ ló máa ń wà. Mo tún fi aṣọ tí mo fọwọ́ hun bò ó. Àbí kí n máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta. Nínú otútù fáànù ni Ládélé ti ń wọn iná náà, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó pa fáànù. Ó fi síkúrù so mẹ́gádì mọ́ irin tí àwọn táránsítọ̀ ńlá fara tì, kó lè gbọ́ ooru wọn. Ó bo àpótí. Àlhájà ṣí ìborùn, ó tẹ́ ẹ lé e lórí, "kó lè rò pé ilé mi ló wà." Wọ́n jókòó sínú ooru. Òógùn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ogún. Ládélé fi mítà wò ó, ó yí síkúrù kékeré kan bí ẹni tó ń yọ ìdọ̀tí lójú ọmọ tuntun.

Iná dúró lójú mítà. Jẹ́ẹ́. Kò gùn mọ́.

"Ó ti dúró! Àlhájà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ mẹ́gádì yìí, kí Stella má gbọ́."

Àlhájà ká ìborùn rẹ̀.

"Stella ló rán mi. Mo lọ bá a lánàá. Ó ní òun kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ tó bá wà níwájú ọ̀gá òun. Kí n kàn bi ọ́ níbi tí mẹ́gádì jókòó sí."

"Stella... mọ mẹ́gádì?"

"Ó ní ìwọ lo kọ́ òun, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tóun dé ṣọ́ọ̀bù yìí. Ó ní bóyá ìwọ ni ò wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn."