Bí Todoroki Banri Ṣe Ṣẹ́gun Ológìnní Orí Òkìtì

Ẹni tó bá dé fìlà, kó ṣí i. Ẹni tí ikọ́ bá ń gbé, kó hú u tán nísinsìnyí. Kí ẹni tó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ sì ká a kò, nítorí orúkọ tí mo fẹ́ dá yìí kì í ṣe orúkọ tí à ń dá lórí ìrọ̀gbọ̀kú. Todoroki Banri ni mo fẹ́ kì. Banri alápá gígùn, Banri ojú-kò-rẹ́rìn-ín, ọkùnrin tó kọ́ ènìyàn ní bọ́ọ̀lù jíjù títí àwọn tó kọ́ fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú oorun.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ẹ jẹ́ ká wolé. Etí odò kan ní ilẹ̀ Japan ni wọ́n bí i sí, ní ìdílé apẹja. Bàbá bàbá rẹ̀ ni Todoroki Gonbẹi, akíkanjú tí ẹja kan tó gùn bí ejò gé ní ìka, tó délé tó ń yan fanda pé òun ni òun borí, nítorí ẹja náà kò rí ìka kejì mú. Ìyá bàbá rẹ̀ ni Kume, obìnrin bí ọkùnrin, tó fi ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo lé ọ̀bọ mẹ́rìnlá kúrò lórí igi eléso ẹ̀yìnkùlé, tó sì jẹ gbogbo èso náà tán fúnra rẹ̀ kí wọ́n má baà padà wá. Bàbá rẹ̀ kò ṣe ohunkóhun tí a lè ròyìn, ṣùgbọ́n ó sanra. Ọmọ àjànàkú kì í ya aràrá: nígbà tí irú ìran báyìí bá bímọ, kí ni kí ayé máa retí bí kò ṣe ìyanu?

Ìyanu náà sì dé lóòótọ́. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Banri nígbà tó wọ ẹgbẹ́ Àwọn Ẹja Àrọ̀ ti ìlú Kitamine, ẹgbẹ́ tó ń fi bẹ́sìbọ́ọ̀lù jẹun. Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà: ẹnìkan a dúró lórí òkìtì kékeré láàárín pápá, a ju bọ́ọ̀lù, ẹnìkejì a dúró lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú igi, a fẹ́ gbá a. Bí onígi bá fẹ́ ẹ kù lẹ́ẹ̀mẹta, ó di kó lọ jókòó. Banri ni ẹni orí òkìtì. Apá wo ni apá yẹn! Bí ó bá ju bọ́ọ̀lù, a fò bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Àléébù kékeré kan ló wà níbẹ̀, bóyá kò tilẹ̀ yẹ kí n mẹ́nu bà á: kò sẹ́ni tó mọ ibi tí bọ́ọ̀lù náà ń lọ, Banri alára kò sì mọ̀. Ó ba onígi léjìká, ó bà á ní ìdí. Ó ba ọ̀gá tirẹ̀ níbi tó jókòó sí tó ń mu tíì. Lọ́jọ́ kan ó jù ú kọjá odi, bọ́ọ̀lù lọ balẹ̀ sínú ìkòkò ọbẹ̀ ẹni tó ń ta oúnjẹ lójú títì. Fún ọdún méjìlá, ó borí nígbà mẹ́rin, wọ́n sì borí rẹ̀ nígbà mọ́kànléláàádọ́ta. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mẹ́rin náà, nítorí kò rọrùn.

Ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, nítorí náà nígbà tí apá rẹ̀ kọṣẹ́, wọ́n fi Banri ṣe olùkọ́ àwọn ajùbọ́ọ̀lù. Ó ti ronú sí ohun tó ba ayé òun jẹ́, ó sì ti rí i: olùkọ́ tó kọ́ òun ń rẹ́rìn-ín jù. Láti ọjọ́ náà lọ, eyín Banri kò rí oòrùn mọ́. Ó fajúro ní òwúrọ̀, ó fajúro lọ́sàn-án, ó gbé ìfajúro lọ sílé bí ẹni gbé àpò ìrẹsì. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ànjọ̀nú. Ó gbọ́, inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò fi hàn.

Àṣírí kan wà ṣá o. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé, Ànjọ̀nú a wá sí pápá nìkan. A ṣí fìlà, a tẹríba fún pápá bí gbogbo wọn ti máa ń ṣe. Nígbà tó bá dé ìdí ìlà ẹfun funfun tó ya pápá sọ́tọ̀, a fò ó bí ìgalà, nítorí àwọn ajùbọ́ọ̀lù gbà pé ẹni tó bá tẹ ìlà yẹn ti tẹ oríire ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. A gun òkìtì, a jókòó, a ṣí ìrẹsì rẹ̀. Àárò òkìtì yẹn ń sọ ọ́, ó ń sọ ọ́ gan-an, bí àárò ilé bàbá ẹni ti í sọni. Ibẹ̀ ni ológìnní kan, funfun, abara rọ̀bọ̀tọ̀, ti máa ń wá bá a. Moṣi ló pè é, orúkọ àkàrà ìrẹsì àwọn ará ibẹ̀. A fún un ní ẹja gbígbẹ, a sì kọrin fún un, orin tí ó bá jẹ́ pé ajùbọ́ọ̀lù kan gbọ́ ọ, Banri ì bá wọlẹ̀:

"Moṣi, Moṣi, ìyàwó mi kékeré,
Wá jẹja, wá jẹja,
Ìdí rẹ rọ̀ bí òwú."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ rí títí di ọjọ́ tí ọdún eré parí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, Tamegai, ọ̀gá àgbà ẹgbẹ́, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Banri, bí a bá pàdánù lónìí, àwa la gbẹ̀yìn nìyẹn. Wọ́n ti ní kí n wá olùkọ́ mìíràn. Mi ò ní lè gbà ọ́ sílẹ̀."

Banri tẹríba. Ó mọ ohun tó ń dúró dè é: ilé ìwẹ̀ ọkọ àbúrò rẹ̀, níbi tí yóò ti máa fọ korobá, tí kò sì ní sí òkìtì kankan láti jókòó lé láàárọ̀. Ojú rẹ̀ le bí òkúta, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń sunkún.

Eré bẹ̀rẹ̀. Láti orí apá kìíní dé apá kẹsàn-án tó gbẹ̀yìn, Kitamine ń fi ayò kan ṣíwájú, ó wá ku onígi kan péré tí wọn yóò lé lọ jókòó. Minobe ló wà lórí òkìtì, àgbà ajùbọ́ọ̀lù ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì, tó ti bímọ mẹ́ta, síbẹ̀ tí ń bẹ̀rù Banri ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Ó wo ibi tí Banri dúró, èjìká rẹ̀ le gbagidi. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Banri dìde, ó fo ìlà funfun, ó bá Minobe lórí òkìtì, ó kọjú sí i pẹ̀lú gbogbo ìfajúro tó kó jọ fún ọdún mẹ́sàn-án, ó ní, "Má gbọ̀n!" Ó yíjú padà, ó fo ìlà, ó lọ jókòó. Minobe wá ń gbọ̀n dé eékún.

Ẹ fọkàn sí òfin kan níhìn-ín. Olùkọ́ lè kọjá ìlà lọ bá ajùbọ́ọ̀lù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní apá eré kan. Bó bá kọjá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, dandan ni kí ajùbọ́ọ̀lù náà jáde kí ẹlòmíràn wọlé. Ẹlòmíràn tó sì kù fún Kitamine ni Kusakabe, ẹni tó jẹ ìgbín òkun lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tó sì ti wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láti apá kẹfà, tó ń pe orúkọ ìyá rẹ̀.

Ìgbà náà ni ológìnní wọlé.

Moṣi ni, ayaba ilé ìjẹun, onírù bí ìrùkẹ̀rẹ̀! Ó ti sùn láti àárọ̀, ebi ti jí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì mọ̀nà àwo oúnjẹ rẹ̀. Ó rìn gbẹ̀dẹ́gbẹ̀dẹ́ la pápá kọjá lójú ẹgbẹ̀rún méjìlá ènìyàn, ó gun òkìtì, ó jókòó sí iwájú bàtà Minobe, ó sì ń retí ẹja. Àwọn agbábọ́ọ̀lù mẹ́rin sáré sí i. Ó yẹ̀ fún wọn, méjì forí gbárí, ó padà síbi òkìtì. Ẹni tó ń tọ́jú koríko mú àwọ̀n dé, ó sì fi mú fìlà rẹfirí. Ológìnní padà síbi òkìtì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Minobe ń fọwọ́ ra apá, nítorí apá àgbà tó bá ti tutù, ó di ọ̀la. Banri rí i. Ó rí i pẹ̀lú pé òun alára ló sọ òkìtì di àwo oúnjẹ, ó sì dùn ún dé egungun.

Ó lọ bá rẹfirí létí ìlà. Wakasa lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin tí kì í ṣi òfin lò, bó ti wù kó rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọlé lọ gbé e. Èmi nìkan ló mọ̀."

"Ẹ ti wọlé lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹsẹ̀ yín bá tún fi lè kọjá ìlà yìí, Minobe á jáde."

"Ológìnní ni mo fẹ́ gbé o, mi ò fẹ́ bá Minobe sọ̀rọ̀."

"Ìwé òfin ò mọ ológìnní."

Ẹ wá wo ọkùnrin! Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, ọ̀nà náà sì korò ju ewúro lọ. Lọ́wọ́ kan, ilé ìwẹ̀ àti korobá. Lọ́wọ́ kejì, orúkọ Ànjọ̀nú tó fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́, bíríkì lórí bíríkì. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Todoroki Banri, ọmọ-ọmọ ẹni tí ẹja gé ní ìka, ọmọ-ọmọ ẹni tó lé ọ̀bọ mẹ́rìnlá, kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn ìlà, ó fa agolo ẹja gbígbẹ yọ lápò, ó di ojú méjèèjì, ó sì kọrin.

Ó kọ́kọ́ rọra kọ ọ́. Ariwo pọ̀, etí ológìnní kan ló mì. Banri wá gbé ohùn sókè, ohùn tó ti mú gìrìpá ọkùnrin sunkún nínú yàrá ìmúra, ó rán an jáde pẹ̀lú adùn bí ìyá ìkókó:

"Moṣi, Moṣi, ìyàwó mi kékeré,
Wá jẹja, wá jẹja,
Ìdí rẹ rọ̀ bí òwú!"

Ọ̀gá Tamegai jẹ́ kí tíì dà sí i lẹ́sẹ̀. Moṣi dìde. Ó na ara, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkìtì, ó rìn díẹ̀, ó jókòó, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí lá a. Ẹgbẹ̀rún méjìlá ènìyàn ń wo ẹsẹ̀ ológìnní kan. Banri tún un kọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: Moṣi gbéra, ó dé ìdí ìlà funfun, ó dúró, ó wò ó. Lẹ́yìn náà, bó ti ń rí i láràárọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fò ó láìtẹ̀ ẹ́, ó sì bọ́ sí àyà Banri.

Ariwo tó sọ níbẹ̀, ẹyẹ sá kúrò nílùú. Lórí òkìtì, Minobe tẹ̀ kọrọdọ, ó di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọ̀gá," ó ń ké, "ìdí rọ̀ bí òwú, Ọ̀gá!" Nígbà tó fi máa nà ró, èjìká rẹ̀ ti rọ̀, ara rẹ̀ ti yá gágá, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. Ó jù ú lẹ́ẹ̀kan, onígi fẹ́ ẹ kù. Ó jù ú lẹ́ẹ̀kejì, onígi fẹ́ ẹ kù. Ó jù ú lẹ́ẹ̀kẹta, onígi fi gbogbo agbára gbá afẹ́fẹ́, ó sì jókòó sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kitamine borí!

Banri dúró létí ìlà pẹ̀lú ológìnní láyà. Ó fẹ́ fajúro, ojú kọ̀ fún un. Eyín rẹ̀ kan yọ, èkejì tẹ̀lé e, oòrùn sì rí wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó yà á lẹ́nu pé kò dùn ún rárá. Ọ̀gá Tamegai kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bàtà tútù, ó ní, "Lọ́dún tó ń bọ̀, máa mú ẹja tó pọ̀ dání."

Nítorí náà, kí wọ́n kéde rẹ̀ létí odò, kí wọ́n kéde rẹ̀ lórí òkè, kí àwọn ọ̀bọ mẹ́rìnlá náà gbọ́ níbikíbi tí wọ́n bá wà: Todoroki Banri, tó fi odidi ọdún méjìlá ju bọ́ọ̀lù láti orí òkìtì tí kò sì bọ́ síbi tó fẹ́, ti pe ológìnní kan láti orí òkìtì yẹn kan náà, ó sì bọ́ sí àárín àyà rẹ̀ gan-an.