Kọ̀ǹpútà Ọ̀la àti Ilé Ìwòsàn Ìmọ̀kín

Ẹ̀yin ará Òkè-Ìrò tí ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn yìí, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ohun tó fà á tí àwọn àgbà Ìmọ̀kín fi máa ń pa á lówe pé kọ̀ǹpútà ọ̀la kì í tẹ lẹ́tà òní? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń gbọ́ ọ lẹ́nu wa ni, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rín in lọ. Èmi tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú mi, ẹkún ni mo fi ń sọ ọ́.

Èmi ni Ìyá Bọ́sẹ̀dé. Bọ́sẹ̀dé ọmọ mi ló ń rọbí nínú yàrá yẹn, ẹ ṣáà ń gbọ́ ohùn ẹ̀. Bàbá tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́bàá ògiri lọ́hùn-ún, tó di ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó ń ṣọ́ àwọn tó ń ṣe ìdánwò, ọkọ mi nìyẹn, Tíṣà Faṣọ́yìn. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ níwèé kó tó fẹ̀yìn tì, òun náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú Ìmọ̀kín. Tí ẹ bá bi í pé kí ló dé tí àwọn ọmọ Ìmọ̀kín fi ń wá bímọ sí Òkè-Ìrò níbí, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Torí náà, èmi ni kí ẹ bi.

Ẹ mọ̀ pé odò ló wà láàárín ìlú yín àti ìlú wa. Nígbà tí Bọ́sẹ̀dé fẹ́ bí àkọ́bí ẹ̀, kò tíì sí ilé ìwòsàn kankan lápá ibí. Oṣù kẹsàn-án ni, odò kún dẹ́nu. A gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi ká lè lọ bá mọ́tò lódìkejì. Àárín odò la dé tí ọmọ ní òun ò lè dúró mọ́. Èmi ni mo gbà á, lórí ìkúnlẹ̀, omi ń ṣàn lábẹ́ wa, atukọ̀ di ojú ẹ̀ pinpin, ó ń pe gbogbo orúkọ tí Ọlọ́run ń jẹ́. Abíọ́nà la sọ ọmọ náà. Ó wà láàyè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo búra pé èyí tó bá tẹ̀ lé e, orí ilẹ̀ Ìmọ̀kín la máa bí i sí, nínú yàrá tó ní ilẹ̀kùn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni lẹ́tà dé láti káńsù. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn kan sí agbègbè wa, yálà ní Ìmọ̀kín tàbí ní Òkè-Ìrò. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan tẹ ìwé wá, kí wọ́n kọ ìtàn ìlú, iye agboolé, ilẹ̀ tí wọ́n máa fi sílẹ̀, àti ìdí tí wọ́n fi nílò ilé ìwòsàn. Títẹ̀ ni o, wọn ò fẹ́ ìwé àfọwọ́kọ. Tí ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá bá ti kọjá, wọn ò ní gbà á mọ́. Oṣù kẹfà la sì wà nígbà yẹn! Mo jó yí ilé ká. Kọ̀ǹpútà wà nílẹ̀, akọ̀wé wà nílẹ̀, odò tó fẹ́ pa wá náà wà níbẹ̀. Kí ló tún kù?

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí mo ń wí yìí, ti ẹgbẹ́ ìlú ni, kì í sì í ṣe ọmọdé. Rọ́bà la fi so ìdérí ẹ̀ mọ́ra. Bọ́tìnnì kan ti yọ lára ẹ̀, igi ìṣáná lọkọ mi fi ń tẹ ibẹ̀. Tó bá ń ṣiṣẹ́, á máa mí bí ẹni tó ń gun òkè. Ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀wé! Ọkọ mi jókòó tì í lọ́sẹ̀ kan, ó tẹ ojú ìwé mẹ́ta, ìtàn náà sì ń dùn bọ̀. Àfi bí Kóyèjọ ṣe pè.

Kóyèjọ lọmọ ìlú wa tó wà ní Kánádà. Ọmọ dáadáa ni, ọwọ́ ẹ̀ kì í há. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àlòkù yẹn jù nù. Ilé iṣẹ́ kan fẹ́ mú kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun jáde ní oṣù kẹsàn-án, irú èyí tí àwọn olówó ń lò. Ẹnikẹ́ni ò tíì rí i o, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo inú ẹ̀ ni wọ́n ti pààrọ̀. Òun ni màá rà fún ìlú."

Ọkọ mi ní, "Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Wọ́n ní bátìrì ẹ̀ á lo ọjọ́ méjì kó tó kú."

Ẹ̀yin èèyàn mi, "wọ́n ní" yẹn ló pa wá. Nígbà tí ìpàdé jókòó ní Sátidé, ọkọ mi dìde, ó gbá agbádá sókè, ó ní bátìrì ọ̀hún á lo ọjọ́ mẹ́rin. Mo fà á láṣọ. Mo ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀dé, ọjọ́ méjì lọmọ yẹn sọ." Ó ní ọjọ́ méjì ti ìlú òtútù nìyẹn, pé nínú oòrùn tiwa á lé sí i. Kí ìpàdé tó tú, ó ti di ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ ọjà, mo gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin tó ń ta ẹja pé kọ̀ǹpútà náà ò nílò iná rárá, pé tí èèyàn bá ti gbé e lé itan, ooru ara onítọ̀hún ló ń lò.

Àwọn ọkùnrin ìlú wa tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan kọ̀ǹpútà, ojoojúmọ́ ni wọ́n wá ń jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ iwájú ilé Baálẹ̀, tí wọ́n ń jà lórí inú ẹ̀. Agboolé kan ní ojú ẹ̀ máa ṣeé fọwọ́ tẹ̀. Agboolé kejì ní rárá, pé ṣe ló máa ṣeé ká bí ẹní. Fún ọjọ́ mọ́kànlá gbáko, àwọn méjèèjì ò kí ara wọn, nítorí ojú kọ̀ǹpútà tí ojú ẹnikẹ́ni ò tíì rí. Baálẹ̀ fúnra ẹ̀ ló parí ìjà. Ó ní kí wọ́n má bínú, pé apá ọ̀tún á ṣeé tẹ̀, apá òsì á ṣeé ká.

Ó tún ku ti mẹ́mọ́rì. Kóyèjọ fi ohùn ránṣẹ́ pé wọ́n ní mẹ́mọ́rì ẹ̀ á tó ìlọ́po mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀. Baálẹ̀ ní kí ọkọ mi túmọ̀ ẹ̀.

Ọkọ mi ní, "Baálẹ̀, iyè inú ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Bó ṣe ń rántí nǹkan."

Baálẹ̀ mi orí títí. Ó ní, "Tí iyè ẹ̀ bá wá tóbi tó báyẹn, kí la tún ń yọ Ìyá Àgbà lẹ́nu sí pé kó máa sọ ìtàn ìlú? Kọ̀ǹpútà náà á ti mọ̀ ọ́n."

Gbogbo wọn ní òótọ́ ni! Ìyá Àgbà, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, òun ló ń sọ ìtàn fún ọkọ mi láràárọ̀ tó fi rí nǹkan tẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ sinmi. Ìyá náà wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀, ó gbé àpótí ìjókòó ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Nígbà tí a délé, mo ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ti àtijọ́ yìí tẹ èyí tó kù. Tí tuntun bá dé, ẹ fi tẹ òmíràn."

Ó ní, "Ṣé ìwé tí alága káńsù máa kà ni kí n fi igi ìṣáná tẹ̀? O fẹ́ dójú ti ìlú ni?"

"Odò ló máa dójú ti ìlú!"

"Ìyá Bọ́sẹ̀dé, ní sùúrù. Ó ń bọ̀."

Ní oṣù keje, wọ́n ní kí káfíńtà kan tábìlì dè é. Káfíńtà ní òun ò mọ ìwọ̀n ẹ̀. Wọ́n ní ó fẹ́lẹ́ bí ewé. Ni káfíńtà bá ṣe dúrọ́ọ̀ kan tó há débi pé ọwọ́ òun alára ò wọ̀ ọ́. Wọ́n fi ọdẹ ṣọ́ tábìlì òfìfo yìí. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, Baálẹ̀ fi kọ̀ǹpútà náà joyè. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo bẹ̀ yín! Ó fi í jẹ Akọ̀wé Àgbà ìlú Ìmọ̀kín. Wọ́n já ewé akòko wá, wọn ò rí orí tí wọ́n máa fi í sí, ni wọ́n bá fi í lé orí tábìlì. Ọkọ mi tó ti ń ṣe akọ̀wé láti ọdún mọ́kàndínlógún wá di igbákejì ohun tí kò tíì sí láyé. Ó sì pàtẹ́wọ́!

Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n pinnu pé kọ̀ǹpútà àtijọ́ ò gbọdọ̀ bá ìjòyè gbé ilé kan náà. Baálẹ̀ ní kí wọ́n fi ta Òkè-Ìrò lọ́rẹ, kí ojú ẹ̀yin náà lè là díẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

Mo ní, "Baálẹ̀, ẹ jẹ́ ká tẹ tiwa tán ná."

"Ìyá Bọ́sẹ̀dé, o rò pé a ò ní òmíràn ni?"

"Ẹ ò ní òmíràn, Baálẹ̀."

"Ó ń bọ̀," ni Baálẹ̀ wí, ó sì ní kí n dìde, pé mò ń ba ayẹyẹ jẹ́.

Ọkọ mi ló gbé e sọdá odò fúnra ẹ̀, tòun tigi ìṣáná. Kó tó gbé e jáde, ó pa ojú ìwé mẹ́ta tó ti tẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ẹ̀, ó ní èyí tí òun máa fi tuntun tẹ̀ á dára jù ú lọ. Ẹ̀yin ará Òkè-Ìrò, ẹ rántí ọjọ́ náà. Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un, ẹ fún un lẹ́ja tútù méjì. Èmi ni mo se ẹja ọ̀hún. Mi ò fẹnu kàn án.

Oṣù kẹsàn-án pé. Kóyèjọ pè, ohùn ẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ó ní wọ́n ti mú un jáde. Bátìrì ti ọdún tó kọjá ni. Ojú ti ọdún tó kọjá ni. Mẹ́mọ́rì ò kúrò níbi tó wà. Àwọ̀ nìkan ni wọ́n pààrọ̀, ti tẹ́lẹ̀ dúdú, tuntun rí bí eérú.

Ó ní, "Tíṣà, mi ò lè fi irú ìyẹn ránṣẹ́ sí ìlú mi, ojú á tì mí. Ṣùgbọ́n ti ọdún tó ń bọ̀, wọ́n ní..."

Mo nawọ́ kí n já fóònù gbà. Ọkọ mi kẹ̀yìn sí mi. Ó ní, "Kí ni wọ́n ní, Kóyèjọ? Rọra sọ ọ́, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀." Yéè! Ṣe ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo káwọ́ lérí.

Àárọ̀ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá ni ara tó wá ta Baálẹ̀. Wọ́n lọ bẹ Ìyá Àgbà pé kó wá sọ ìtàn. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n lọ bi ìjòyè wọn. Ọkọ mi wá mú bíírò, ọkùnrin mẹ́rin dúró lé e lórí, oníkálukú ń sọ ìtàn tiẹ̀. Nínú ìwé kan náà, ìlú wa ṣẹ̀ wá láti ibi mẹ́ta. A sọdá odò, a dé káńsù nígbà tí wọ́n ti fẹ́ palẹ̀ mọ́. Ọ̀gá tó ń gba ìwé wo ìwé wa, ó ní títẹ̀ ni àwọn wí. A sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé lódìkejì títì. Iná ò sí. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní ká fara balẹ̀, pé iná ń bọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a létí.

A padà, a bẹ ọ̀gá náà. Kì í ṣe ìkà èèyàn. Ó fa ìwé tiyín yọ ká lè rí bó ṣe yẹ kó rí. Ojú ìwé mẹ́rìndínlógún, ó mọ́ tónítóní. Ó ṣí èyí tó kẹ́yìn, ó kà á sókè: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò wa ní Ìmọ̀kín, tí wọ́n ta wá lọ́rẹ kọ̀ǹpútà tí a fi tẹ ìwé yìí. Wọ́n ní àwọn ti ní èyí tó dára jù ú lọ fíìfíì."

Ọ̀gá náà gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà tọrẹ, ìwé àfọwọ́kọ lẹ gbé wá fún ìjọba? Irú ìlú ọlọ́rọ̀ báyẹn, kí lẹ tún ń wá?"

Baálẹ̀ ní, "Ó ń bọ̀ ni, ọ̀gá."

"Kí ló ń bọ̀?"

 Ọ̀gá náà ti fáìlì pa. Bí ilé ìwòsàn yìí ṣe di tiyín nìyẹn.

Ọkọ̀ ojú omi ń gbé wa bọ̀ wálé, a dé agbedeméjì odò. Baálẹ̀ wá mí kanlẹ̀, ó ní, "Àṣé kọ̀ǹpútà ọ̀la kì í tẹ lẹ́tà òní." Àwọn yòókù mirí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Ọgbọ́n! Ojú ló tì wọ́n láti pè é ní ẹ̀bi, ni wọ́n bá pè é lówe.  Omi odò yẹn ni mo ń wò, mo sì ń ronú kan Bọ́sẹ̀dé.

Ẹ dákẹ́ ná. Ṣé ẹ gbọ́ yẹn? Ọmọ ni! Ọmọ ló ń ké! Nọ́ọ̀sì, ìyá ń kọ́? Ara ẹ̀ le? Obìnrin ni? Olúwa, o ṣé o. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin ará Òkè-Ìrò, ẹ bá mi yọ̀. Bàbá Bọ́sẹ̀dé, ẹ máa bọ̀ níbí, nọ́ọ̀sì fẹ́ kọ̀wé ọjọ́ ìbí.

Ẹ wò ó bó ṣe ń kọ ọ́. Orúkọ ìyá, ó ti kọ ọ́. Ọjọ́, ó ti kọ ọ́. Ó ń béèrè ibi tí a bí ọmọ sí.

Ẹ gbọ́ ohun tọ́kọ mi ń sọ! "Nọ́ọ̀sì, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ níbẹ̀ ná. Wọ́n ní káńsù ń gbèrò láti kọ́ ti Ìmọ̀kín lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n ní á tóbi ju ibí lọ. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ á máa..."

Nọ́ọ̀sì, má dá a lóhùn. Òkè-Ìrò ni kó o kọ síbẹ̀, ọmọ mi. Kọ ọ́ kó hàn dáadáa. Má wo omijé ojú mi.

Bàbá Bọ́sẹ̀dé, kọ̀ǹpútà ọ̀la kì í tẹ lẹ́tà òní. Ẹ wá fọwọ́ sí i.